Tiger I oníwọ̀n 1/16 tí à ń fi rímóòtù wà: kíkọ́ rẹ̀, àti mímú kí ó gbó bí ọkọ̀ ojú ogun

Ọmọ Òkè-Àdó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Àbúrò mi tó ń gbé ní Birmingham fi àpótí Tiger I kan (táńkì ńlá tí àwọn ará Jámánì lò nígbà Ogun Àgbáyé Kejì) ránṣẹ́ sí mi, oníwọ̀n 1/16, ìyẹn ni pé ìdá kan nínú 16 ti ọkọ̀ gidi ni, irú èyí tí à ń fi rímóòtù wà. Ike ni ara rẹ̀, irin ni àpótí gíá àti ẹ̀wọ̀n ẹsẹ̀ rẹ̀, ilé ìbọn rẹ̀ ń yí, ó ń dún bí ẹ́ńjìnnì, ó sì ń yọ èéfín. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọkọ̀ ogun kéékèèké oníwọ̀n 1/35 tí a máa ń tò sórí pẹpẹ, ṣùgbọ́n mi ò tíì kọ́ èyí tó ń rìn rí. Mo fẹ́ kí ó jọ Tiger 131, ìyẹn èyí tó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn táǹkì ní Bovington, ní Gẹ̀ẹ́sì, bí ó ti rí ní Tùnísíà lọ́dún 1943.

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ mọ̀. Kí ni ó yẹ kí n parí kí n tó kan ọ̀dà? Báwo ni mo ṣe lè mú kí ó gbó, tí ọ̀dà àti eruku ara rẹ̀ kò fi ní máa bọ́ nígbàkúùgbà tí mo bá wà á? Àti pé ṣé iyẹ̀pẹ̀ pupa ẹ̀yìnkùlé mi níbí ní Ìbàdàn ṣeé lò fún eruku rẹ̀?

Baba Gíá

Ẹ kú oríire àpótí náà. Ẹ má tíì ṣí ọ̀dà kankan. Ọkọ̀ tó bá máa rìn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rìn láìní ọ̀dà lára, nítorí pé bí àléébù bá wà nínú gíá tàbí wáyà, tí ẹ kò sì rí i títí ẹ fi kun ọkọ̀ tán, ọwọ́ yín náà ni yóò ha ọ̀dà ọ̀hún nígbà tí ẹ bá ń tú u. Ẹ yọ ara òkè kúrò lórí ìdí ọkọ̀, ẹ bọ́ ẹ̀wọ̀n ẹsẹ̀ méjèèjì, ẹ gbé ìdí ọkọ̀ lé orí igi kí wíìlì má baà kan ilẹ̀, kí ẹ wá tan án. Ẹ yí i síwájú, ẹ yí i sẹ́yìn, kí ẹ sì tẹ́tí sí i. Ìró gíá tó dára máa ń dọ́gba. Èyí tí ìró rẹ̀ bá ń lọ sókè sódò, tàbí tó ń ta kì-kì, eyín rẹ̀ kò bára mu, tàbí kẹ̀ súkúrù tó di mọ́tò oníná mú ti dẹ̀.

Gíríìsì funfun onílítíọ́ọ̀mù ló dára fún gíá irin, ti sílíkóònù sì ni kí ẹ fi sí ibi tí ike ti ń fara kan irin. Díẹ̀ ló ń fẹ́; gíríìsì tó bá pọ̀ jù yóò tú jáde, yóò sì máa fa eruku mọ́ra. Níbi tí súkúrù irin bá ti wọnú irin, ẹ kán oje aláwọ̀ búlúù tí àwọn mẹkáníìkì fi ń dá súkúrù dúró sí i, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ó kan ike ABS, irú ike tí wọ́n fi ṣe ara ọkọ̀ yìí, torí pé oje yẹn máa ń mú kí ike sán níbi tí súkúrù ti fún un mọ́ra.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rò ni ìwúwo. Tiger gidi wúwo tó tọ́ọ̀nù 57. Bí a bá sọ gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ di ìdá kan nínú 16, a gbọ́dọ̀ pín ìwúwo rẹ̀ sí 16 lẹ́ẹ̀mẹta, ìyẹn ni pé a ó pín 57,000 kílò sí ọ̀nà 4,096, yóò sì kù nǹkan bí kílò 14. Ọkọ̀ ike kì í sábà wúwo tó ìdajì èyí, ìdí nìyẹn tí púpọ̀ nínú wọn fi ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún bí tata lórí òkúta, nígbà tí ọkọ̀ gidi máa ń tẹ òkúta mọ́lẹ̀ ni. Sípíríǹgì tó rọ̀ díẹ̀ ju èyí tó bá àpótí wá ni kí ẹ wá, tàbí kí ẹ fi òjé sí ìsàlẹ̀ ìdí ọkọ̀, láàárín gbùngbùn, kí wíìlì lè máa gòkè sọ̀kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan Tiger gidi ní apá mẹ́jọ, irin oníyìí kan sì ń gbé apá kọ̀ọ̀kan ró. Ibi tí ẹwà ìrìn rẹ̀ wà nìyẹn, kò sì sí ọ̀dà tó lè ṣe é fún yín.

Bákan náà ni eré. Lójú títì tó dára, Tiger ń sá tó nǹkan bíi kílómítà 38 ní wákàtí kan. Ẹ pín in sí 16, yóò ku kílómítà méjì àti díẹ̀, ènìyàn tó ń rìn jẹ́jẹ́ sì yára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí rímóòtù yín bá ní ibi tí a ti ń dín agbára kù, ẹ dín in kù títí ẹ ó fi lè máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìyára. Ọkọ̀ tó lẹ́wà púpọ̀, tó sì ń sá bí ohun ìṣeré ọmọdé, ti ba iṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́.

Ará Dorset

Mo ń gbé nítòsí Bovington, mo sì máa ń lọ wo Tiger náà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn rẹ̀, torí pé ìtàn yẹn ni yóò sọ fún yín bí ó ṣe yẹ kí ó gbó tó. Ilé iṣẹ́ Henschel ní Kassel, ní Jámánì, ló ṣe é ní oṣù kejì ọdún 1943. Wọ́n kó o kọjá òkun lọ sí Tùnísíà fún ẹgbẹ́ ọmọ ogun táńkì ńlá 504, nígbà tó sì di oṣù kẹrin ọdún yẹn kan náà, ọwọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti tẹ̀ ẹ́. Oṣù kẹwàá ni wọ́n gbé e dé Gẹ̀ẹ́sì, ó sì bọ́ sọ́wọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lọ́dún 1951. Ẹ ṣírò rẹ̀ dáadáa: láti ilé iṣẹ́ títí di ọjọ́ tí wọ́n gbà á, oṣù díẹ̀ péré ni, inú ọkọ̀ ojú irin àti ọkọ̀ ojú omi sì ni ó ti lo púpọ̀ nínú rẹ̀. Ọkọ̀ tuntun ni. Kò rí àyè dípẹtà.

Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ibi gbogbo ni mo ti ń rí Tiger 131 tí wọ́n ti fi àwọ̀ ìpẹtà kùn láti orí dé ẹsẹ̀, bí ẹni pé inú igbó ni ó ti ń jókòó láti ogún ọdún. Ohun tó yẹ kí ó wà lára rẹ̀ ni eruku, ẹrẹ̀ gbígbẹ, epo tó ta sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń bu epo sínú rẹ̀, àti ipa bàtà àwọn tó ń gùn ún. Ọ̀pá èéfín méjèèjì tó wà lẹ́yìn nìkan ni ìpẹtà ti bá a mu, torí pé ooru máa ń jó ọ̀dà kúrò lára wọn láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àti ẹ̀wọ̀n ẹsẹ̀, tí kì í ní ọ̀dà tó ń dúró lára rẹ̀.

Ibòmíràn tí àwọn ènìyàn tún ti ń ṣì í ni ilẹ̀ ibẹ̀. Bí wọ́n bá ti gbọ́ Áfíríkà àti táńkì, aṣálẹ̀ Sàhárà ni ọkàn wọn ń lọ. Àríwá Tùnísíà, ní agbègbè Medjez el Bab, ni wọ́n ti gba ọkọ̀ yìí: ilẹ̀ olókè ni, ilẹ̀ oko àlìkámà, koríko sì ń hù níbẹ̀ ní oṣù kẹrin. Òjò ìgbà òtútù máa ń sọ ilẹ̀ náà di ẹrẹ̀, tí oòrùn bá sì dé, á gbẹ, á di eruku tó mọ́lẹ̀ díẹ̀. Nítorí náà, ẹrẹ̀ tó ti gbẹ lábẹ́ ọkọ̀ àti koríko díẹ̀ tó há sáàárín ẹ̀wọ̀n ẹsẹ̀ bá òtítọ́ mu ju iyanrìn tí wọ́n dà sórí rẹ̀ lọ.

Kí ẹ tó kọ́ ọ, ẹ yẹ àpótí yín wò. Tiger 131 kò ní Zimmerit, ìyẹn nǹkan oníhàgàhàgà tí àwọn ará Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í fi pa ara ọkọ̀ wọn lẹ́yìn oṣù kẹjọ ọdún 1943 kí bọ́ǹbù onímágínẹ́ẹ̀tì má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Wíìlì rẹ̀ ní rọ́bà létí. Ti onírin lásán kò jáde títí di ọdún 1944. Ibi tí ọ̀gá ọkọ̀ ń yọ orí sí rí gbọọrọ bí ìlù, ó sì ní ihò tóóró tí wọ́n fi ń wòran. Bí àpótí yín bá jẹ́ ti ẹ̀yìn ọdún 1943, ẹ lè kọ́ Tiger mìíràn tó dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù. Ọta ìbọn kan tó bà á lọ́pá ìbọn ló ta lọ sí abẹ́ ilé ìbọn, tí ilé ìbọn náà fi há, tí àwọn tó wà nínú rẹ̀ sì sá lọ. Àpá ọta yẹn ṣì wà lára rẹ̀ títí di òní. Bí ẹ bá fẹ́ kí ọkọ̀ yín jẹ́ ti ọjọ́ kí wọ́n tó gbà á, ẹ má fi àpá náà sí i; bí ó bá jẹ́ ti lẹ́yìn ìgbà yẹn, ẹ fi sí i, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé kò yẹ kí ilé ìbọn máa yí kiri mọ́!

Ìyá Ọlọ́dà

Ẹ̀gbọ́n Dorset ti tún ojú ọ̀nà ṣe. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ọ̀dà.

Ìwọ̀n 1/16 kì í gba àṣà 1/35 gẹ́lẹ́. Àpá tó fẹ̀ tó mìlímítà kan lára 1/35 dúró fún sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta ààbọ̀ lára ọkọ̀ gidi. Lára 1/16, sẹ̀ǹtímítà kan ààbọ̀ ó lé díẹ̀ ni. Ìyẹn ni pé ojú ń rí ohun gbogbo tó wà níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ Tiger jẹ́ pátákó irin títẹ́jú kan ṣoṣo, bí ẹ bá sì fi àwọ̀ kan náà kùn ún láti òkè dé ìsàlẹ̀, ike ni yóò máa jọ títí láé. Ẹ fi ọṣẹ àti omi lọ́wọ́ọ́wọ́ fọ gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ ná, nítorí epo tí wọ́n fi ń yọ ike kúrò nínú ẹ̀rọ ìmọ ike máa ń ṣẹ́kù sára rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fín ọ̀dà ìpìlẹ̀, kí ẹ wá fín àwọ̀ ara rẹ̀ ní ìpele ìpele: ẹ jẹ́ kí ó ṣú díẹ̀ ní ìsàlẹ̀ àti nínú kọ̀rọ̀, kí ó sì mọ́lẹ̀ sí i lórí ilé ìbọn àti ẹ̀yìn ọkọ̀ tí oòrùn ń pa. Wíìlì, ẹ̀wọ̀n ẹsẹ̀, ìdí ọkọ̀ àti ara òkè, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí ẹ kun wọ́n. Wíìlì Tiger gun ara wọn lé ní ìpele. Bí ẹ bá ti tò wọ́n tán, búrọ́ọ̀ṣì kankan kò ní dé inú lọ́hùn-ún mọ́. Ẹ má kun rọ́bà tó bá rọ̀, torí ọ̀dà máa ń sán kúrò lára rẹ̀. Ìyẹ̀fun eruku ni kí ẹ fi ìka pa á.

Nọ́ńbà 131 pupa tó ní etí funfun, ẹ gé ihò nọ́ńbà náà sára bébà, ẹ gbé e lé ara ọkọ̀, kí ẹ fín ọ̀dà gba inú ihò náà. Nọ́ńbà alálẹ̀mọ́ tí a ń rẹ sínú omi náà dára, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ń hàn ní ìwọ̀n yìí.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fiyè sí jù lọ rèé. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ fi ọ̀dà epo tí a pò kun àwọn ojú ìdè àti kọ̀rọ̀ kí wọ́n lè ṣú, white spirit ni a fi ń pò ó. Omi yìí ń wọnú ike ABS níbi tí súkúrù bá ti fún un, ike náà á sì sán láìsí ariwo, nígbà mìíràn lẹ́yìn tí gbogbo iṣẹ́ ti parí. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ fi fáníìṣì aláìdán-jù bo gbogbo ara rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa, ẹ dẹ súkúrù ara òkè kí ike má wà nínú ìnira, kí ẹ sì fi ìwọ̀nba omi díẹ̀ sí ẹnu búrọ́ọ̀ṣì. Ẹ má fi kẹrosíìnì rọ́pò rẹ̀; ó ń fi epo sílẹ̀ lára ọ̀dà, fáníìṣì ìkẹyìn kò sì ní lẹ̀ mọ́ ọn.

Ní ti eruku, ọkọ̀ orí pẹpẹ gba kí a da ìyẹ̀fun sí i kí a sì fi í sílẹ̀. Ọkọ̀ tó ń rìn kò gbà bẹ́ẹ̀. Mo máa ń ya ara rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta lọ́kàn mi. Abẹ́ rẹ̀ àti àárín wíìlì, ìyẹ̀fun tí a pò mọ́ oje akírílíìkì títí ó fi di ẹrẹ̀ ni mo ń lò níbẹ̀, kí ó lè le bí ó bá gbẹ. Ibi tí ọwọ́ ń dì mú nígbà tí a bá ń gbé e, eruku ibẹ̀ kì í ṣe ìyẹ̀fun rárá, ọ̀dà epo aláwọ̀ eruku tí mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ na tín-ín-rín ni, tí fáníìṣì sì bò. Ibi tí ohunkóhun kì í kàn, bí ẹ̀yìn àpótí irinṣẹ́, abẹ́ ọ̀pá èéfín, àti ìdí àwọn asẹ́ afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, ibẹ̀ nìkan ni mo ti ń lo ìyẹ̀fun gbẹrẹfu, mo sì ń kán sípíríìtì tí wọ́n ń tà nílé oògùn (kì í ṣe white spirit) sí i díẹ̀díẹ̀ kí ó lè jókòó. Kíkán ni o, kì í ṣe fífi búrọ́ọ̀ṣì tẹ̀ ẹ́, torí sípíríìtì lè ká ọ̀dà akírílíìkì tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ohunkóhun dé eyín wíìlì tó ń fa ẹ̀wọ̀n, ìdí apá wíìlì, òrùka tí ilé ìbọn fi ń yí, àti ojú ihò tí ẹ fi ń gba iná sínú bátìrì.

Onírin Texas

Ẹ̀wọ̀n ẹsẹ̀ ni tèmi. Ẹ̀wọ̀n irin tó ń bá àpótí 1/16 wá kì í ṣe irin gidi. Síǹkì ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Síǹkì kì í dípẹtà pupa, bí ẹ bá sì kun ún, ọ̀dà náà yóò bọ́ ní wákàtí àkọ́kọ́ tó bá rìn. Omi adú-irin, èyí tí wọ́n ṣe fún síǹkì, ni kí ẹ fi sọ ọ́ di dúdú. Ẹ fọ epo ara rẹ̀ kúrò, ẹ rì í sínú fínígà fún ìgbà díẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè rí hàgàhàgà díẹ̀, ẹ fi omi ṣàn án, kí ẹ tó wá rì í sínú omi adú-irin náà. Ẹ kọ́kọ́ fi ojú ẹ̀wọ̀n kan dán an wò, torí pé síǹkì yìí kò rí bákan náà lọ́wọ́ gbogbo àwọn tó ń ṣe é. Ìbọ̀wọ́ ṣe pàtàkì, afẹ́fẹ́ ìta náà sì ṣe pàtàkì.

Bí ó bá ti dúdú tán, ẹ fi ẹrẹ̀ tí Ìyá Ọlọ́dà sọ kún inú àwọn ihò rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, kí ẹ sì gbé ọkọ̀ lọ sórí kọnkéré kí ẹ wà á. Ibi tó ń kan ilẹ̀ yóò dán fúnra rẹ̀, ibi tí wíìlì ń gbà kọjá yóò dán, ibi tó kù yóò wà bí ó ti wà. Ẹ̀rọ ni yóò ya àwòrán yẹn fún yín, kò sì sí ọwọ́ ènìyàn tó lè yà á dáadáa tó bẹ́ẹ̀.

Èmi ń kọ́ ọ̀kan tó jẹ́ 1/6, ti ilé iṣẹ́ Armortek, irin àti alumíníọ́mù, Tiger náà ni. Pẹ̀lú ọ̀pá ìbọn rẹ̀, gígùn rẹ̀ ju mítà kan àti ogójì sẹ̀ǹtímítà lọ, ẹnì kan kò sì lè dá gbé e. Lára irin gidi bẹ́ẹ̀, omi àti iyọ̀ díẹ̀ tó láti mú ìpẹtà tòótọ́ jáde ní alẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn náà ni a ó fọ iyọ̀ kúrò, a ó sì fi epo pa á kí ìpẹtà má baà jẹ ẹ́ wọlé. Ẹ má gbìyànjú iyọ̀ lára síǹkì o. Èéfunfun ni yóò hù lára rẹ̀.

Kí n tó gbàgbé: ojú ẹ̀wọ̀n 96 ni Tiger gidi ní ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá rí i pé ẹ̀wọ̀n yín fún gbọnyin-gbọnyin lókè, ẹ yọ wíìlì ẹ̀yìn sí iwájú díẹ̀. Ó yẹ kí ẹ̀wọ̀n náà wọ̀ sílẹ̀, kí ó sinmi lórí àwọn wíìlì, ṣùgbọ́n kí ó má dẹ̀ débi pé yóò bọ́ nígbà tí ẹ bá ń yí lójú kan nínú koríko, ìgbà tí ẹ bá ń fà sẹ́yìn ní pàtàkì.

Ọmọ Òkè-Àdó

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo ti yẹ àpótí náà wò: wíìlì onírọ́bà ni, ibùyọrí ọ̀gá ọkọ̀ rí gbọọrọ, kò sì sí Zimmerit, nítorí náà 131 ni a ń lọ bá. Ìṣòro mi ni ohun èlò. Ọ̀dà tí wọ́n fi ń kun mọ́tò ló pọ̀ lọ́jà níbí, pẹ̀lú tínà rẹ̀. Ẹ̀rọ ìfín-ọ̀dà mi ń lo kọ̀mpúrẹ́sọ̀, iná ò sì dúró. Ẹ kò sì tíì dáhùn ti iyẹ̀pẹ̀ pupa.

Ìyá Ọlọ́dà

Tínà àwọn tó ń kun mọ́tò ń yọ́ ike. Ọ̀dà ìpìlẹ̀ inú agolo tí wọ́n ń fín sára mọ́tò ṣeé lò, ṣùgbọ́n kí ẹ fín in láti òkèèrè, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́, kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ kí ó tó balẹ̀, kí ẹ sì kọ́kọ́ dán an wò lábẹ́ ìdí ọkọ̀ níbi tí ojú kò ní rí. Ẹ má da tínà náà sínú ìgò láti fi fọ ohunkóhun lára ike. Fún àwọ̀ ara rẹ̀, akírílíìkì olómi ni kí ẹ wá. Ní àsìkò ọyẹ́, ó máa ń gbẹ kí ó tó dé ara ọkọ̀, á sì máa hàn bí iyanrìn. Ẹ fi oje tó ń dá gbígbẹ dúró díẹ̀ sí i, tàbí kí ẹ ṣe é láàárọ̀ kùtùkùtù. Ní àsìkò òjò, omi inú afẹ́fẹ́ ló ń bá kọ̀mpúrẹ́sọ̀ jáde, nítorí náà asẹ́ tó ń gba omi dúró kì í ṣe ohun tí a lè fojú fò. Bí iná kò bá dúró, ẹ kún àgbá afẹ́fẹ́ kọ̀mpúrẹ́sọ̀ náà nígbà tí iná bá wà. Àgbá ńlá kan á gbé yín gba ẹ̀gbẹ́ kan já.

Ìfín irun náà wúlò, ìyẹn èyí tó ń dá irun dúró: ẹ fín in sórí àwọ̀ ìsàlẹ̀, ẹ fi akírílíìkì lé e, kí ẹ wá fi omi àti búrọ́ọ̀ṣì ha òkè rẹ̀ díẹ̀ kí ìsàlẹ̀ lè yọjú. Ṣùgbọ́n lọ́jà wa níbí, ìfín olóróró tó ń mú irun dán ló pọ̀ jù. Ẹ wo ara agolo dáadáa. Òróró ni ìyẹn, ọ̀dà kò ní dúró lórí rẹ̀ rárá.

Ní ti iyẹ̀pẹ̀: bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣeé lò, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan. Ilẹ̀ tiwa pupa ju ti ibi tí Ẹ̀gbọ́n Dorset ń sọ lọ. Ẹ yan iyẹ̀pẹ̀ náà nínú agbada títí omi ara rẹ̀ yóò fi gbẹ, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ fi ìbọ̀sẹ̀ obìnrin tó fẹ́lẹ́ jọ̀ ọ́, kí ẹ wá lọ ẹfun mọ́ ọn pẹ̀lú eérú igi díẹ̀. Ẹfun ni kí ó pọ̀ jù. Yóò di àwọ̀ ilẹ̀ gbígbẹ tó mọ́lẹ̀, tó sì ṣì ní àwọ̀ pupa díẹ̀ nínú. Jíjọ̀ ọ́ ṣe pàtàkì gidi, nítorí pé hóró iyanrìn tó tó ìdajì mìlímítà, òkúta mìlímítà mẹ́jọ ni lára ọkọ̀ 1/16. Ẹ má lo osùn. Igi ni, sípíríìtì yóò tú àwọ̀ rẹ̀ jáde, yóò sì rin gbogbo ọkọ̀ náà.

Ará Dorset

Èmi kò gbà pẹ̀lú Ìyá Ọlọ́dà lórí ìfín irun. Ọkọ̀ tó lo ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré lójú ogun kò yẹ kí ọ̀dà rẹ̀ ti máa yọ́ bẹ́ẹ̀. Etí ẹnu ọ̀nà àti ibi tí bàtà ń tẹ̀ nìkan ni, kí ó sì jẹ́ kìkì ibi tí ọ̀dà ti ṣá díẹ̀, láìdé irin.

Ìyá Ọlọ́dà

Ẹ̀gbọ́n, ní ti ìtàn, ẹ̀yin lẹ jàre. Ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ ni a ó ti máa wo ọkọ̀ yìí, láti ibi tí ènìyàn dúró sí, kì í ṣe láti inú gíláàsì asọ-nǹkan-di-ńlá. Bí kò bá sí ohun tó yàtọ̀ lára pátákó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò ní hàn bí irin. Èmi yóò lo ìfín irun lórí àwọn àpótí irinṣẹ́ àti lórí ìbòrí ẹ̀wọ̀n ẹsẹ̀, tí a fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe, tó sì máa ń tẹ̀ tó ń já nígbà gbogbo. Mi ò ní fi kan ilé ìbọn.

Ará Dorset

Ìyẹn bójú mu. Ìbòrí ẹ̀wọ̀n ẹsẹ̀ ni gbogbo Tiger kọ́kọ́ máa ń fi ara họ sí.

Baba Gíá

Ohun méjì ló kù tí ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu bà. Èkínní ni ẹ̀rọ èéfín. Òróró ló ń jó sínú rẹ̀, èéfín náà sì máa ń fi òróró bo ẹ̀yìn ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ìyẹ̀fun gbẹrẹfu bá wà níbẹ̀, yóò rin, yóò ṣú, yóò sì dà pọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ máa lo èéfín, ẹ fi fáníìṣì tí òróró kò lè wọ̀ bo gbogbo ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn, kí ẹ sì mọ̀ pé àwọ̀ ìyẹ̀fun yóò ṣú díẹ̀ lábẹ́ fáníìṣì, nítorí náà kí ẹ pò ó kí ó mọ́lẹ̀ ju bí ẹ ṣe fẹ́ kí ó rí lọ. Ní tèmi, mo máa ń yọ ẹ̀rọ náà kúrò. Ohùn ẹ́ńjìnnì tó.

Èkejì ni bátìrì. Ẹ jẹ́ kí àbúrò yín mọ̀ pé bátìrì lítíọ́ọ̀mù tí kò sí nínú ẹ̀rọ kò gbọ́dọ̀ wọ inú ẹrù abẹ́ bàlúù, ọwọ́ ni a fi ń mú un wọlé, kí ẹnu rẹ̀ méjèèjì sì wà ní bíbò. Èyí tí fóòtì rẹ̀ jẹ́ 7.4, tó sì jẹ́ 5,000 mAh, 37 Wh ni (ìyẹn ìwọ̀n agbára iná tó wà nínú rẹ̀), kò sì sún mọ́ 100 Wh tí àwọn ọkọ̀ òfurufú máa ń gbà láìbéèrè àṣẹ. Nígbà tí ẹ bá ń kọ́ ọ, ẹ má lẹ ara òkè mọ́ ìdí ọkọ̀. Mágínẹ́ẹ̀tì kéékèèké mẹ́rin ni kí ẹ fi dì í, kí ẹ lè máa yọ bátìrì láìfi ìka kan ẹ̀gbẹ́ tí ẹ ti kùn. Kí ẹ sì kọ nọ́ńbà sára gbogbo ẹnu wáyà tó gba inú òrùka ilé ìbọn kọjá.

Ọmọ Òkè-Àdó

Mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Sípíríǹgì ni mo máa kọ́kọ́ wá. Ṣé òjé tí wọ́n ń so mọ́ àwọ̀n ẹja ṣeé lò fún ìwúwo náà?

Baba Gíá

Ó ṣeé lò dáadáa. Ẹ fi bébà tàbí ọ̀dà bò ó kí ó má baà máa fi eérú rẹ̀ ba ọwọ́ yín, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀ ìdí ọkọ̀ láàárín apá wíìlì kẹta àti ìkẹfà, kí ẹ sì tún ọkọ̀ gbé sórí igi kí ẹ gbọ́ bí gíá ṣe ń dún lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ tó fi ẹ̀wọ̀n ẹsẹ̀ wọ̀ ọ́.